Ojú Irin àti Ojú Ọgbẹ́: Yíyan Irinṣẹ́ Agégi fún Bọ́ńsáì, àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Wọ́n

Igi ọ̀dán kì í ṣe àjèjì ní Bàrígà. Ẹyẹ a jẹ èso rẹ̀, a sì gbé hóró rẹ̀ lọ sí orí ògiri tàbí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò sì ní í pẹ́ tí ewé tútù yóò fi máa yọ láti inú sìmẹ́ǹtì tí ó sán. Láyé àtijọ́, abẹ́ irú igi yìí ni àwọn àgbà ń jókòó sí láti tàkúrọ̀sọ, òjìji rẹ̀ a sì máa bo ọjà. Ní àdúgbò tí ilé fún mọ́ ilé, tí àgbàlá kò sì ju ibi tí a ń sá aṣọ sí lọ, kò sí àyè fún ọ̀dán láti di igi ńlá mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá hú ọ̀kan nínú wọn tí ó gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ, tí ó ń gé e tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, lè ní ọ̀dán tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì fọ́n ká bí ti igi àárín ọjà.

Iṣẹ́ ọnà yìí ni àwọn ará Jàpáànù ń pè ní bọ́ńsáì. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Apá kìíní orúkọ náà dúró fún àwo, apá kejì sì dúró fún ohun tí a gbìn. Orúkọ náà kò sọ pé igi náà jẹ́ aràrá, òótọ́ sì ni, nítorí pé hóró tí a fi ń ṣe bọ́ńsáì kò yàtọ̀ sí hóró igi inú igbó: gígé ni ó ń sọ ọ́ di kékeré, àwo ni ó sì ń há gbòǹgbò rẹ̀ mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ẹni tí ń ṣe bọ́ńsáì náà ń tètè gbé irin sí igi ní kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí igi náà lè kú, kí ó lè pẹ́ láyé ni. Igi páìnì kan wà ní Washington, tí ìdílé Yamaki fi ta ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní ọdún 1976. Láti ọdún 1625 ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Hiroshima ni ó wà nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sí ìlú náà ní ọdún 1945, ó sì yè é.

Nínú ohun tí ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe irin kì í ṣe ohun kékeré. Igi ńlá inú oko lè fi ewé àti ẹ̀ka bo àpá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Igi inú àwo kò ní ibi tí yóò fi àpá pamọ́ sí. Ẹni tí ó fi irin tí ó kú gé ẹ̀ka kan lónìí yóò máa wo ibẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ará Bàrígà kan wá jáde lọ ra irinṣẹ́ bọ́ńsáì, ìṣòro kìíní tí yóò bá pàdé kì í ṣe ti owó, ti orúkọ ni. Yóò rí àlùmọ́gàjí aránṣọ, ọ̀bẹ alápatà, àdá, ayùn káfíńtà àti ẹ̀mú oníná. Ní Ṣómólú tí ó wà nítòsí, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, yóò rí abẹ ẹ̀rọ tí ń gé òkìtì bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára fún iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rọ ọ́. Kò sí èyí tí a rọ nítorí ẹ̀ka tútù tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ó bá sì sọ fún ọlọ́jà pé ohun tí a fi ń gé igi ni òun fẹ́, àfàìmọ̀ ni kò ní í jẹ́ àdá ni wọn yóò nà sí i.

Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe gígé ń kọ́ni

Ẹni tí ó bá rò pé èdè Yorùbá kò ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yìí kò tíì wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ dáadáa. Èdè náà kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gígé. *Ṣá* ni ti àdá: irin náà ti òkè wá, ìwúwo rẹ̀ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́. *Bẹ́* ni kí ohun kan já kúrò lára èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. *Gé* ni kí ojú irin wọ inú nǹkan títí tí yóò fi pín in sí méjì. *Ré* ni ti ewé àti ọ̀mùnú, ohun tí kò le. *Rẹ́*, tí kò fi ju fáwẹ̀lì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí *ré*, ni ti ohun tí a fẹ́ kí ó dọ́gba, bí irun orí. *Gbẹ́* ni kí a mú nǹkan kúrò láti inú wá, yálà lára ère ni tàbí lára ilẹ̀.

Àwọn méjì mìíràn wà tí ó jọ pé wọ́n bá wọn tan, ṣùgbọ́n ọ̀tá wọn ni wọ́n jẹ́: *rún* àti *ya*. Irinṣẹ́ tí kò dára kì í kọ iṣẹ́. Ẹ̀ka náà yóò já. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní kí ó gé, ó lè jẹ́ pé ó rún un ni; ohun tí a ní kí ó ré, ó lè jẹ́ pé ó ya á ni. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùrajà máa bi irinṣẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó ṣe sí igi, ó gé e ni àbí ó rún un?

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí tipẹ́. Nínú ìwé tí Kevin Carroll tẹ̀ jáde ní ọdún 1967 lórí iṣẹ́ ère gbígbẹ́, ìpele mẹ́rin ni ó jábọ̀ pé àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Irin tí ó wúwo ni ó ń ṣíwájú, ọ̀bẹ kékeré ni ó ń kẹ́yìn. Ẹni tí ń ṣe bọ́ńsáì náà ń gba ọ̀nà yìí. Ayùn ni yóò kọ́kọ́ lò sí ẹ̀ka ńlá, ẹ̀mú ni yóò tẹ̀lé e, ọ̀bẹ ni yóò fi tún etí ọgbẹ́ ṣe.

Ọgbẹ́ igi àti irin tí ó ń dá a

Láàrin èèpo igi àti igi gan-an, awọ tútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà. A lè pè é ní awọ-ìdàgbà, nítorí pé òun ni ó ń bí igi tuntun sí inú àti èèpo tuntun sí ìta. Nígbà tí a bá gé ẹ̀ka, etí awọ yìí ni ẹran tuntun ti ń hù láti bo ojú ọgbẹ́. Bí irin bá gé awọ náà mọ́lẹ̀ geere, ẹran tuntun yóò yí ọgbẹ́ ká. Bí irin bá rún un, etí rẹ̀ yóò kú, omi yóò dúró síbẹ̀, ìdíbàjẹ́ yóò sì wọlé.

Ìrísí ọgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì, kùkùté kékeré kan yóò kù. Ẹran tuntun yóò gun orí kùkùté náà, ibẹ̀ yóò sì wú bí kókó. Ṣùgbọ́n bí ojú ọgbẹ́ bá jin díẹ̀, ẹran tuntun yóò kún inú rẹ̀ títí tí yóò fi bá ara igi dọ́gba. Ìdí nìyí tí àwọn ará Jàpáànù fi ń lo ẹ̀mú kan tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sínú, tí wọ́n pàdé ara wọn ní ojú sí ojú, tí wọ́n sì ń fi kòtò kékeré sílẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti kúrò. Òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ rí roboto. Èyí ni wọ́n fi ń jẹ kókó tí ó bá kù lára ìtì kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ìlànà kan wà tí ó ń dáàbò bo irin àti igi pọ̀: kí ẹ̀ka tí a fẹ́ gé má ṣe nípọn ju ìdajì ìbú ẹnu ẹ̀mú lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ayùn ni ó kàn. Ayùn Jàpáànù ń gé nígbà tí a bá fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara ẹni, nígbà tí ayùn tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà wa ń gé nígbà tí a bá tì í lọ. Èyí tí a ń fà lè jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì ní í ká kò, nítorí pé ìfà ń nà án ni. Igi inú àwo kò sì fẹ́ kí a máa tì òun. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn.

Àlùmọ́gàjí ọgbà tí ó ní síríńgì láàrin apá rẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Nínú ọ̀kan, ojú irin kan ń gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá. Irú èyí ni ilé-iṣẹ́ Felco ti ilẹ̀ Switzerland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, fi gba orúkọ láàrin àwọn olùtọ́jú ọgbà. Nínú oríṣi kejì, ojú irin kan ṣoṣo ń sọ̀kalẹ̀ lé orí irin pẹlẹbẹ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-owú ti ń sọ̀kalẹ̀ lé orí owú ní àgbẹ̀dẹ. Oríṣi kejì yìí dára fún ẹ̀ka gbígbẹ. Bí a bá lò ó fún ẹ̀ka tútù, apá tí ó bá wà lórí owú yóò rún.

Irin wo ni ó yẹ?

Oríṣi irin méjì ni ó wà lọ́jà. Èkínní ni irin eléèédú, èyí tí ó sábà máa ń ní kábọ̀nù bí ìdá 0.6 sí 1.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Orúkọ náà kò jìnnà sí ìtàn: ní ọdún 1904, C. V. Bellamy kọ̀wé lórí ibi ìyọ́rin kan ní agbègbè Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú yọ irin láti inú òkúta. Nígbà tí a bá fi irin eléèédú sínú iná títí tí yóò fi pọ́n ní nǹkan bí ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lsíọ́ọ̀sì, tí a sì rì í bọ omi tàbí òróró, yóò le gan-an, ṣùgbọ́n yóò rọrùn láti kán. Nítorí náà ni a ṣe ń tún un yá iná ní nǹkan bí ìwọ̀n 200, kí líle rẹ̀ lè dín díẹ̀, kí ó sì lè gba agbára mọ́ra.

Èkejì ni irin tí kì í tètè dípẹtà, tí Harry Brearley ṣe ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913. Kírómíọ́ọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní irin àìdípẹtà, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ṣe ìlérí tí irin náà kò lè mú ṣẹ, nítorí pé bí omi iyọ̀ bá pẹ́ lára rẹ̀, òun náà yóò dípẹtà. Irin akọ̀pẹtà ni ó yẹ ẹ́ jù. Ẹni tí ó kọ nǹkan lè kọ̀ ọ́ títí kí ó tó di pé a borí rẹ̀.

Irin eléèédú a máa mú ju èkejì lọ, ó sì rọrùn láti pọ́n. Ṣùgbọ́n Bàrígà kò jìnnà sí Ọ̀sà Èkó, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sì ní iyọ̀ nínú. Irin eléèédú tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú oje igi lára rẹ̀ lálẹ́ lè ti pọ́n fún ìpẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ìwà ẹni tí yóò lò ó ni ó yẹ kí ó yan irin fún un. Ẹni tí yóò nu irin rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí yóò sì fi òróró pa á, kí ó ra eléèédú. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó ra akọ̀pẹtà.

Ìdánwò kí owó tó kúrò lápò

Orúkọ tí wọ́n kọ sára irin kò tó ẹ̀rí. Ìdánwò mẹ́rin wà tí ènìyàn lè ṣe lórí ìdúró níwájú ọlọ́jà.

Kìíní, kí a pa ẹnu irinṣẹ́ dé, kí a sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ti ẹ̀mú bá ni, ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àárín ojú méjèèjì kọjá. Èkejì, kí a ṣí i, kí a mi apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ìṣó oríkèé rẹ̀ bá ń mì, ojú irin kò ní í pàdé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àtipọ́n kò sì lè wo àrùn náà. Ẹ̀kẹta, kí a fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí gé bébà tí a rin lómi díẹ̀. Irin tí ó mú yóò gé e. Irin tí kò mú yóò ká a mọ́nú. Ẹ̀kẹrin, kí a mú òòfà kékeré dání, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò tí ó ti bàjẹ́. Ojú irin akọ̀pẹtà tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ jẹ́ irú èyí tí iná kò lè sọ di líle. Ó dára fún ṣíbí, kò dára fún ojú ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn èyí, kí ọwọ́ náà sọ tirẹ̀. Ẹ̀mú tí ó gùn tó nǹkan bí mìlímítà 200 ni ó bá ọ̀pọ̀ igi àwo mu. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má ṣe ra àpò irinṣẹ́ mẹ́wàá tí ó pọ̀ tí kò sì níye lórí. Mẹ́ta péré tó o: àlùmọ́gàjí aréwé kan, ẹ̀mú tí ń dá kòtò kan, àti ẹ̀mú wáyà kan. Ẹ̀mú wáyà gbọ́dọ̀ dá dúró, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀mú igi gé wáyà lẹ́ẹ̀kan ti fi eyín sí ojú rẹ̀, gbogbo ọgbẹ́ tí ó bá dá lẹ́yìn náà ni yóò sì ní ìlà.

Ìtọ́jú

Oje funfun ni ọ̀dán ń sun. Bí oje yìí bá gbẹ sójú irin, yóò di gọ́ọ̀mù, irin náà yóò sì máa fà dípò kí ó gé. Kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú spírítì nù ún lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ní í jẹ́ kí àrùn igi kan ràn dé ara èkejì. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí a fi pa á, kì í ṣe òróró ìdáná tí ń lẹ̀ bí ó bá pẹ́. Nígbà tí a bá ń pọ́n àlùmọ́gàjí, ẹ̀gbẹ́ òde tí ó dagun nìkan ni òkúta ìpọ́nrin ń kàn. Ẹ̀gbẹ́ inú tí ó tẹ́jú ni ojú méjèèjì fi ń ra ara wọn kọjá, ẹni tí ó bá pọ́n ibẹ̀ ti ya wọ́n nípá. Yorùbá sì ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Irin tí a jù sínú àpótí pẹ̀lú ìṣó àti òòlù ń wó ilé ara rẹ̀.

Orúkọ

Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984 fi ọ̀nà hàn lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ náà tọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀mú tí ń dá kòtò ń sọ nípa ìtẹ̀sínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kò ní í mọ̀ bóyá irin ni ó tẹ̀ sínú ni tàbí ọgbẹ́. Orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù fún èyí tí ń jẹ kókó, *kobukiri*, ṣe tààrà jù bẹ́ẹ̀ lọ: *kobu* ni kókó, *kiri* ni gígé. Ọ̀nà yìí bá èdè Yorùbá lára mu, nítorí pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú *amúlétutù* àti *asọ̀rọ̀mágbèsì*. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe sí igi ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìdí tí a kò fi yan *agbẹ́kòtò* ni pé lébìrà tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ti gba ìtumọ̀ yẹn lọ. *Agékòtò* kò ní alátakò. Ẹ̀mú ni a sì mú láti àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ń mú nǹkan ṣùgbọ́n kò mú. Ti bọ́ńsáì ń mú nǹkan, ó sì mú. Àlùmọ́gàjí ní tirẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ Lárúbáwá àti Hausa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti di ọmọ ilé, kò sí ìdí láti lé e. Àwọn ìperí tí a dábàá nìwọ̀nyí:

- *àlùmọ́gàjí aréwé*: èyí tí ó ní ṣóńṣó tín-ín-rín fún ewé àti ọ̀mùnú.
- *àlùmọ́gàjí akọjá*: ti ọgbà, tí ojú kan ń gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá; fún ẹ̀ka tútù.
- *àlùmọ́gàjí onówú*: ti ọgbà, tí ojú kan ń sọ̀kalẹ̀ lé irin pẹlẹbẹ; fún ẹ̀ka gbígbẹ.
- *ẹ̀mú agékòtò*: èyí tí ń fi ọgbẹ́ jíjin sílẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti kúrò.
- *ẹ̀mú agékókó*: ẹlẹ́nu roboto, fún kókó ara ìtì.
- *ẹ̀mú agéwáyà*: fún wáyà nìkan.
- *ayùn afàgé*: èyí tí ń gé nígbà tí a bá fà á, òdìkejì rẹ̀ ni *ayùn atìgé*.
- *irin eléèédú* àti *irin akọ̀pẹtà*: oríṣi irin méjèèjì.

Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Alágbẹ̀dẹ Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi síríńgì mọ́tò tí ó ti bàjẹ́ rọ ọ̀bẹ àti àdá, irin eléèédú sì ni síríńgì náà. Ìmọ̀ iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ omi náà wà. Ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò sọ ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ pé ẹ̀mú ni òun fẹ́, kí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sínú, kí ojú rẹ̀ méjèèjì pàdé láìjẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, kí ó sì dá kòtò sára igi láìrún un. Ohun tí a kò lè júwe, a kò lè bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ. A ó máa dúró de ọkọ̀ òkun ni, a ó sì máa ra ohunkóhun tí ó bá kó wá.

Ọ̀dán ń hù lára ògiri ní Bàrígà láìsí ẹni tí ó gbìn ín. Irin tí yóò sọ ọ́ di bọ́ńsáì kò ní í hù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ rẹ̀ ni yóò lè bèèrè fún un.